Bẹ́ǹṣì Àti Irinṣẹ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ogún Ọmọ Òrukàn Ni

 

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sàká àti sàráà yín ran ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́! Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́, tí a kì í sì í kà sí. Nínú àwọn agboolé wa ní Ọjà'ba, Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, kò ṣòro láti rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bẹ́ǹṣì káfíńtà ti dá dúró sí, tí eruku bo irinṣẹ́ orí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni ín ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ta ló ni bẹ́ǹṣì náà báyìí? Kí ló yẹ kí a fi ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀sìn wa.

KÍ LÓ WÀ LÓRÍ BẸ́ǸṢÌ NÁÀ?

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kan bẹ́ǹṣì tó ń lò. Igi tó le, bí ìrókò tàbí apá, ni àwọn àgbà ọ̀gá fẹ́ràn, nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́, wíwúwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó mì nígbà tí wọ́n bá ń fági. Báìsì tó ń di igi mú máa ń wà létí rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ìfági wà, pẹ̀lú ayùn, òòlù, ṣísẹ́ẹ̀lì, ìlu tí a ń fọwọ́ yí, fáìlì, àti òkúta tí a fi ń pọ́n irin.

Ẹ lè rí orúkọ Stanley tàbí Record lára àwọn ìfági àtijọ́. Sheffield ní Ìlú Ọba, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ irin, ni wọ́n ti máa ń ṣe Record nígbà náà. Bí irú ìfági bẹ́ẹ̀ bá já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó lè fọ́ bí àwo. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú rẹ̀, bàbá á lò ó, ọmọ á sì lò ó. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń jẹ, a sì lè pààrọ̀ ìyẹn. Ayùn tó kú, fáìlì ni a fi ń jí i. Òòlù tí èèkù rẹ̀ kán, èèkù tuntun ló ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè iná mànàmáná tàbí epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé owó ni wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á pè wọ́n ní pàǹtí irin. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri á gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n bí irin lásán, ohun tí ì bá bọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún á sì di owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta.

ṢÉ SÀKÁ WÀ LÓRÍ IRINṢẸ́?

Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé kò sí sàká lórí irinṣẹ́ tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí lórí ilé tí a ń gbé àti aṣọ tí a ń wọ̀. Ṣùgbọ́n pákó tí èèyàn rà ní Bódìjà láti tà, ọjà ni. Bí owó àti ọjà bá tó iye owó gíráàmù góòlù 85, tí ọdún Hijira sì yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni yóò yọ. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

TA LÓ NI ÍN LẸ́YÌN IKÚ BÀBÁ?

Ní ilẹ̀ wa, bí ọkùnrin bá kú, ẹ̀gbọ́n á mú ayùn, àbúrò á mú ìfági fún ìrántí, ọmọ iṣẹ́ àgbà á sì gbé báìsì lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ikú ni gbogbo rẹ̀ ti di ogún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní irinṣẹ́ olóògbé kan tó ₦320,000 lẹ́yìn tí a ti san gbèsè rẹ̀, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, tó sì fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Súratun-Nisaa' (4:11-12) ṣe là á kalẹ̀, ìyàwó gba ìdá kan nínú 8, ìyẹn ₦40,000. Ọmọkùnrin gba ₦140,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦70,000. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé kò ní ìpín kankan níbẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin wà. Ìfági tí wọ́n mú fún ìrántí, àpò àwọn ọmọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Súrà kan náà (4:10) sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ló ń jẹ sínú ara rẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ ALÁGBÀTỌ́ ṢE

Èkíní, kí ó ka irinṣẹ́ náà níkọ̀ọ̀kan, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, kí ìyá àwọn ọmọ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Èkejì, kí ó nù wọ́n, kí ó fi epo díẹ̀ pa irin wọn, kí ó kó wọn síbi tí òjò kò ti ń jò, nítorí ìpáta.

Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ kí wọ́n jókòó lásán. Ìmámù Málíkì gbà á wá nínú Muwatta pé Sayyidunaa Umar (RA) gba àwọn alágbàtọ́ níyànjú láti fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò, kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. A lè yá bẹ́ǹṣì àti irinṣẹ́ fún káfíńtà tó ṣeé fọkàn tán, kó máa san owó oṣooṣù fún àwọn ọmọ. Bí títà bá di dandan, oníṣẹ́ ni kí a tà á fún ní iye owó irinṣẹ́, kì í ṣe ní iye owó irin.

Ẹ̀kẹrin, bí àwọn ọmọ bá bàlágà, tí wọ́n sì gbọ́n tó láti ṣàkóso dúkìá, kí ó fi tiwọn lé wọn lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí (4:6).

ṢÉ A LÈ FI SÀKÁ RA IRINṢẸ́?

Ọmọ òrukàn kò sí lára àwọn ẹni mẹ́jọ tí Súratut-Tawbah (9:60) dárúkọ. Àìní rẹ̀ ló ń mú un wọ inú wọn, nítorí náà ọmọ òrukàn olówó kò gba sàká. Ṣùgbọ́n tálákà tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní irinṣẹ́, Ìmámù an-Nawawi, ẹni tó kú ní ọdún 1277, ṣàlàyé pé a lè fún un ní iye tó máa fi ra irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Èyí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe fírídọ́ọ̀mù láìní ayùn kan ṣoṣo. Abu Dawud náà gba ìtàn ará Ansaar kan wá, tó wá tọrọ bárà. Ànábì (SAW) bá a ta aṣọ àti ife rẹ̀ ní dírámù méjì, ó ní kó fi ọ̀kan ra oúnjẹ, kó fi èkejì ra irin àáké, Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki igi bọ irin náà. Àwọn onímọ̀ kan ní ọ̀nà tí ìtàn náà gbà wá kò lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá ẹ̀sìn mu.

Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Tools for Self Reliance ti ń gba ògbólógbòó irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò lò wọ́n mọ́, wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n sì ń kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Áfíríkà. Ohun tí àwọn ará òkèèrè ń ṣe fún wa, àwa náà lè ṣe é fún ara wa.

Ẹ̀BẸ̀ WA

Bí olóògbé oníṣẹ́ ọwọ́ bá wà ní agboolé yín, ẹ tètè pe ìmámù tàbí ẹgbẹ́ kí irinṣẹ́ tó fọ́nká. Bí ẹ bá ti mú èyíkéyìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà fún àwọn ọmọ. Bí irinṣẹ́ bá sì wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò lò mọ́, ẹ fi ṣe sàráà. Hadiisi tí Muslim gbà wá sọ fún wa pé káfíńtà ni Ànábì Zakariyya (AS), nítorí náà iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn bàbá tó ti lọ, kí Ó bùkún ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, kí Ó sì gba sàká àti sàráà yín ní iṣẹ́ rere. Àmín.