Ohùn Sinimá Kì Í Ṣe Ohùn Pálọ̀

Bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń wo fíìmù nílé á gbé ohùn sókè. Bí ìbọn bá dún, á sáré fà á wálẹ̀ kí ọmọ tó ń sùn má baà ta jí. Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní kò láyè fún sípíkà gidi, àmọ́ ibi tí wọ́n ti po ìró fíìmù náà pọ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Sinimá ló wà lọ́kàn àwọn tó pò ó. Nínú yàrá iṣẹ́ wọn, tó tóbi bíi gbọ̀ngàn sinimá, wọ́n á fi ìró ìdánwò wọn sípíkà kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn aṣọ àwòrán títí á fi dún dé decibel 85, á sì tún láyè láti gòkè dé 105. Nínú òkùnkùn, láàárín èrò tó dákẹ́, etí á gbọ́ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á sì fara da àrá. Ta ló fẹ́ gbé ohùn dé ibẹ̀ ní pálọ̀ tí fáànù ti ń kùn? Bí a bá sì fà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń kọ́kọ́ rì.

Ti sípíkà ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn tún le jù. Ní sinimá, wọ́n tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sára ògiri, wọ́n ń gbé ìró kan náà jáde, kí èèyàn má baà mọ ibi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an. Nílé, sípíkà kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, nígbà mìíràn lẹ́bàá etí: inú àpótí ni òjò ti ń rọ̀ wàyí. Ìwọ̀n wọn pàápàá yàtọ̀. Decibel 82 ni ti ẹ̀gbẹ́ ní sinimá. Nílé, ọgbọọgba ni gbogbo wọn, nítorí náà ìró tí wọ́n bá gbé wálé láìfọwọ́ kàn án á fi decibel 3 ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ olùdarí fíìmù ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ohun tí etí gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ni olùdarí fọwọ́ sí. Ẹni tó bá gbé fáìlì ìró náà wálé bó ṣe wà ti yí ohun tí etí ń gbọ́ padà. Àwọn mìíràn gbójú lé ẹ̀rọ tó ń fún ìró pọ̀ lóru. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó gbé ìtàn dání yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó fara sin. Ìlànà ìró Dolby Atmos, tó dé sinimá lọ́dún 2012, mọ ibi tí sípíkà wà, kò mọ̀ pé fìríìjì ń kùn. Netflix ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní nǹkan bíi -27 lórí òṣùwọ̀n tí òdo jẹ́ òpin òkè rẹ̀, kí ìró tó ga jù má kọjá -2. Ó dára, ṣùgbọ́n àyè decibel 25 ló ṣì wà láàárín méjèèjì, ó sì tó láti jí ọmọ. Etí èèyàn ni yóò tún ìró náà pò fún ilé, nínú yàrá kékeré, pẹ̀lú ohùn tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá sì ní yàrá sinimá nílé kò pàdánù nǹkan kan: àwo Blu-ray tó ń gba ohùn èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gba ìró ti sinimá àti ti ilé pọ̀.