Igi Kan, Ọdún Kan: Bí Àwọn Ọmọdé Ṣe Lè Fi Àwòrán Mọ Ìgbà Òjò àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan léèrè pé ìgbà mélòó ni ó wà nínú ọdún, ó lè dáhùn kíá pé mẹ́rin ni, kí ó sì ka orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìṣì í. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé oṣù wo ni àràbà tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé rẹ̀ máa ń wọ́wé, ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní ọgbọ́n. Ohun tí a fi hàn án nínú ìwé ni ó kọ́. Ohun tí ó wà lójúde, kò sí ẹni tí ó ní kí ó wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àgbẹ̀ tí òjò kan ṣoṣo bá tàn jẹ ní oṣù Fẹ́búárì, tí ó sáré gbin àgbàdo, ọ̀dá lè jó irúgbìn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ àmì ìgbà ń wo igi, wọ́n ń wo ẹyẹ, wọ́n ń wo ojú ọ̀run kí wọn tó mú irúgbìn jáde. Orí ni wọ́n fi pamọ́ sí, wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ kò bá kọ́ ọ nísinsìnyí, wọn kò ní í rí ẹni bi léèrè lọ́la.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìwé alàwòrán

Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè ka àwòrán. Ìdí nìyí tí àwọn ará òkè òkun fi ń fi ìwé alàwòrán kọ́ ọmọ wọn nípa ìgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1959 sí 1961, ilé-iṣẹ́ Ladybird tẹ ìwé kékeré mẹ́rin jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán tí C. F. Tunnicliffe yà. Ní Amẹ́ríkà, Ezra Jack Keats ṣe ìwé kan ní ọdún 1962 nípa ọmọdékùnrin adúláwọ̀ kan tí ó jáde lọ ṣeré nínú òjò dídì. Wọ́n fi ẹ̀bùn Caldecott dá a lọ́lá ní ọdún 1963.

Ohun tí ó mú kí àwọn ìwé wọ̀nyí dára ni pé, ohun tí ọmọ ilẹ̀ náà lè rí bí ó bá ṣí fèrèsé ni ayàwòrán yà. Ó dára kí ọmọ Yorùbá rí wọn, kí ó sì mọ bí ayé àwọn ẹlòmíràn ti rí. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó yẹ kí ọmọ náà ní ìwé kan tí ó sọ ti fèrèsé tirẹ̀. Bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítòsí, òun fúnra rẹ̀ lè ṣe é.

Ohun tí ó ń mú ìgbà yí padà

Ayé ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán; ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ìhà àríwá a máa kọjú sí oòrùn fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ti ìhà gúúsù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ náà pọ̀ gidigidi. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, oòrùn a ti wọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dínkù àti òtútù tí ó dé ni wọ́n ń mú kí igi ibẹ̀ wọ́wé.

Ilẹ̀ Yorùbá súnmọ́ agbedeméjì ayé. Ọ̀sán àti òru kò fi púpọ̀ ju ara wọn lọ. Omi ni ó ń pààlà sí ọdún níbí. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èkíní ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó kún fún omi, òun ni ó ń gbé òjò wá. Èkejì ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà-oòrùn. Gbígbẹ ni, eruku ni ó rù, òun ni ọyẹ́. Bí oòrùn bá ń sún sí àríwá, afẹ́fẹ́ òkun a lé ọyẹ́ padà. Bí oòrùn bá sún sí gúúsù, ọyẹ́ a tún sọ̀kalẹ̀ wá.

Àkọ́rọ̀ òjò a máa dé ní oṣù Máàṣì tàbí Épírì, tòun ti ìjì àti àrá. Òjò a pọ̀ ní Júùnù àti Júláì, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, a sì tún le ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọ̀kítóbà. Bí àrọ̀kúrò bá rọ̀ tán, ẹ̀ẹ̀rùn a gba ilẹ̀ láti Nòfẹ́ńbà títí òjò yóò fi padà. Ní Òkè-Ògùn, òjò a máa pẹ́ dé, a sì máa tètè lọ, ju ti Ìjẹ̀bú àti Oǹdó.

Igi tí ó yẹ kí ọmọdé yàn

Igi kò lè ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ lọ wá omi. Ojú ewé sì ni omi ń gbà jáde lára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ igi a ju ewé wọn nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọn má bàa gbẹ.

Àràbà a dúró ní ìhòòhò, èso rẹ̀ a là, òwú rẹ̀ a sì máa fò káàkiri. Kì í ṣe òjò dídì, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fẹ́ ya ohun funfun tí ń já bọ̀ láti òkè ti rí tirẹ̀. Tíìkì a da ewé ńláńlá rẹ̀ sílẹ̀. Irúgbá, tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, a tan òdòdó pupa róbótó tí ó ń fì ní orí igi gígùn tín-ín-rín. Máńgòrò kì í wọ́wé tán, ṣùgbọ́n ewé tuntun rẹ̀ a kọ́kọ́ pupa rúsúrúsú kí ó tó di àwọ̀ ewé. Kòkó a máa so mọ́ ara ìtì igi fúnra rẹ̀. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni ó tutù. Èyíkéyìí nínú wọn dára, bí ó bá ti wà nítòsí tí ọmọ lè máa rí i lójoojúmọ́.

Bí a ó ṣe ya igi náà

Kò di dandan kí a ra ọ̀dà. Èédú tí a lọ̀ kúnná ni dúdú. Ẹfun ni funfun. Osùn ni pupa. Àtalẹ̀ pupa tí a gún a máa fúnni ní àwọ̀ ìyeyè, aró ẹlú a sì fúnni ní búlúù. Bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, àwọ̀ ewé ni yóò jáde. Ewé tíìkì ọ̀dọ́ tí a fi ọwọ́ rún a máa mú ìka pupa bí ẹ̀jẹ̀. Sítáàṣì tí a fi omi gbígbóná pò, kí ó ṣàn díẹ̀, ni a ó fi po ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè lẹ̀ mọ́ bébà. Pákò tí a ti jẹ ẹnu rẹ̀ di fọ́nrán tó láti fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Kí àgbàlagbà ni ó po aró, nítorí omi eérú tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ má sì ṣe fọwọ́ kan oje igi tí a kò mọ̀. Oje orò lè ba ojú jẹ́.

Ọmọ kékeré lè tẹ́ apá rẹ̀ lé bébà, kí ó ya ìka márààrún: apá ni ìtì igi, ìka ni ẹ̀ka. Kí ó wá fi orí ìka tẹ ewé sí i, níye tí ó bá rí. Ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ yóò ya igi náà bí ó ti rí gan-an. Lóṣooṣù ni kí ó ya ọ̀kan, kí ó kọ déètì sí abẹ́ rẹ̀ àti gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta: òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, ewé wà tàbí ó ti já, kí ni àwọn ará ilé ń ṣe ní oko. Bí oṣù méjìlá bá pé, kí a fi okùn dì wọ́n pọ̀ sáàárín páálí méjì. Ìwé alàwòrán ti dé nìyẹn.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí

Orúkọ igi àti orúkọ òjò ní èdè abínibí ni ọmọ yóò fi kọ ìwé náà. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Àkọsílẹ̀ náà yóò tún wúlò fún àgbà. Ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Japan, àwọn ènìyàn ti ń kọ ọjọ́ tí igi ṣẹ́rì ń tanná sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn onímọ̀ fi rí i pé igi náà ti ń tètè tanná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ooru ayé ń pọ̀ sí i. Ní Nàìjíríà, àjọ NiMet a máa kéde lọ́dọọdún ìgbà tí ó rò pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ní ìwé igi lè fi ìkéde náà wé ohun tí ó rí ní abúlé rẹ̀, kí ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ kí ó tó mú irúgbìn jáde.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, iyàrá ìwé kíkà yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó mọ̀wé kà yóò ran ọmọ lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó mọ igi, yóò sọ ohun tí a ó kọ. Kí a to ìwé àwọn ọmọ náà sí orí pẹpẹ, ti ọdún yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé lè ṣí wọn wò.