Ó Rẹ̀ Mí, Ó Sú Mi: Àdánwò Eléré Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn baba wa tí wọ́n ya "ó rẹ̀ mí" sọ́tọ̀ kúrò lára "ó sú mi" kò ṣe é lásán, nítorí ìyàtọ̀ tí ń bẹ láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi ẹ̀rọ wá kiri lónìí lára àwọn tí ń sá eré máratọ́ọ̀nù, eré kìlómítà 42 àti díẹ̀, tí ìgbáradì rẹ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, tí ọkàn ẹlòmíràn á sì ti ṣá kí ọjọ́ ìje tó dé.

Ní ọdún 2009, Samuele Marcora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bangor ní ilẹ̀ Wales mú ènìyàn 16. Ní ọjọ́ kan wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ ọpọlọ tí ó le fún ìṣẹ́jú 90, ní ọjọ́ mìíràn wọ́n ní kí wọ́n jókòó wo fíìmù jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ tí a dè mọ́lẹ̀, pé kí olúkúlùkù máa wà á títí yóò fi kọ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 754 ni wọ́n lò lẹ́yìn fíìmù. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọpọlọ, 640 péré. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ni ó dá wọn dúró: kẹ̀kẹ́ náà ni ó wúwo jù lójú wọn. Kò tíì rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀; ó sú wọn ni.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jí ní ìdájí, tí ó ń bá ara rẹ̀ ṣe àròyé bóyá kí òun sáré tàbí kí òun padà sùn, ti ná nínú owó ọjọ́ náà kí ó tó so okùn bàtà. Eliud Kipchoge, ọmọ Kenya, eléré ọ̀nà jíjìn, tí ó gba ipò kìíní àgbáyé ní Paris ní 2003 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18, tí kò sì rí àyè nínú ikọ̀ tí Kenya kó lọ sí Òlíḿpíìkì London ní 2012, ti bọ́ nínú àròyé yẹn. Ní àgọ́ ìdánrawò Kaptagat ní Kenya, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó bíi mítà 2,400 tí atẹ́gùn sì fẹ́lẹ́, ó ń fi ilé àti ẹbí sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹnikẹ́ni (olówó ni o, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀), bí ilẹ̀ bá sì ń mọ́, kò sí ẹni tí ń bi í bóyá yóò sáré, nítorí ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ ti ń dún lójúde. Ìwé ni ó sì ń kọ ìdánrawò rẹ̀ sí láti 2003. Nígbà tí ọkàn bá ń purọ́ pé kò sí ìlọsíwájú, ìwé ni ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pe agídí ní ìfaradà. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì lórí ibùsùn láàárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́, ìsinmi sì ni oògùn rẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, nígbà tí ẹ̀yìn ń dun Kipchoge, ó yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ fún àwọn tí ń wòran. Ní oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wà ní London, ó ń sáré, ipò kẹfà ni ó sì gbà.