Ìdí tí ère kì í fi í jọ olójú

Níbi ayẹyẹ ìsìnkú kan tí mo bá wọn dé ní Òfin, nílùú Ṣágámù, ni wọ́n ti ṣí aṣọ lójú ère sìmẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ ṣe fún ìyá wọn tí ó di olóògbé. Ère náà dán, gèlè orí rẹ̀ gún régé, kódà àpá kékeré tí ó wà lẹ́bàá ojú ìyá náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àbúrò olóògbé wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí?" Àkọ́bí obìnrin bú sẹ́kún. Owó tí wọ́n ná kọ́ ni ó ń sunkún sí. Ó ní òun ti rò pé òun yóò tún rí ojú ìyá òun ni.

Mo fa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe ère náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n fún òun, àti pé ojú, imú àti ẹnu inú rẹ̀ ni òun wọ̀n. Kò purọ́. Ohun tí ó hàn lára awọ ni ó wọ̀n. Ohun tí ó gbé awọ náà ró ni kò mọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mú owó ₦100 jáde nínú àpò yín. Láti ọdún 1999 ni àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí Òfin, ti wà lára rẹ̀. Ẹ fi ìka bo fìlà àti awò ojú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n tí ó kù ṣì ń sọ fún yín pé òun ni. Ẹ wá wo àwọn àwòrán Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ń kùn sára ògiri àti ẹ̀yìn ọkọ̀: ẹ yọ fìlà àti awò kúrò, ẹnikẹ́ni ni ó lè jẹ́. Bẹ́ẹ̀, egungun imú ni awò ojú jókòó lé, agbárí ni ó sì fún fìlà ní ìrísí.

Egungun 22 ni ó para pọ̀ di agbárí àgbàlagbà. 8 nínú wọn ni ó ṣe ilé fún ọpọlọ, 14 yòókù jẹ́ ti ojú, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ni ó sì ń mì. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti ibi tí ojú wà. Bí ẹ bá wọn orí àgbàlagbà láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, agbedeméjì ni ẹyinjú wà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a máa gbé ojú lọ sókè, orí tí wọ́n yà a sì dà bí èyí tí kò ní àyè fún ọpọlọ. Ìpàkọ́ ńkọ́? Fọ́tò kì í fi í hàn, nítorí náà wọn a gé e dànù.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú, inú egungun ni ó wà. Agbárí ọmọ tuntun, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì dì, tóbi ju ojú rẹ̀ lọ púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹyinjú rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ agbedeméjì. Bí àgbà bá sì ti pàdánù eyín, egungun tí ó di eyín wọ̀nyẹn mú yóò máa kéré sí i, ojú yóò kúrú, àgbọ̀n yóò sún mọ́ imú. Níbí gan-an ni ọ̀ràn ère Òfin wà. Ìyá tí ẹnu rẹ̀ ti wọnú láti ọdún púpọ̀ ni wọ́n fún ní àgbọ̀n obìnrin ẹni ogójì ọdún.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàìmọ̀ nípa èyí. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn orí idẹ tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n hú jáde. Ẹ wo bí ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣe ń yọ̀ wálẹ̀ láti ara egungun dé etí ẹnu. Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ egungun kò lè ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi èyí bú àwọn agbẹ́gilére wa. Orí ènìyàn tó bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀, wọ́n sì ń fún ère igi ní orí tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí orí ni ó gbé àyànmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí ẹ ṣe ère ìyá òun, ìjọra ni ó sanwó fún.

Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Síbẹ̀, ní 1920, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe.

Níbo wá ni a ó ti rí agbárí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wá ti ènìyàn kiri. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò gbà pé àwòrán ni ẹ fẹ́ fi yà. Agbárí oníke tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń kọ́ṣẹ́ wà fún títà, Ṣágámù sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ẹ lè bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ó yá yín ní tirẹ̀. Bí kò bá sí, ìka ẹni àti ojú ẹni kò gba owó. Ẹ tẹ etí kòtò ojú yín yíká. Ẹ tọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé iwájú etí, kí ẹ ya ẹnu kí ẹ lè mọ ibi tí àgbọ̀n ti so mọ́ orí. Ẹ tẹ imú: òkè rẹ̀ le, ìsàlẹ̀ jẹ́ kerekere. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú lẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti bẹ àwọn ọmọ olóògbé, wọ́n sì gbà fún un. Ó ti gbẹ́ àgbọ̀n ère náà kúrò. Ó ní kí wọ́n mú àbúrò ìyá wá jókòó níwájú òun, nítorí pé àgbọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì jogún.