Gbogbo Aláǹgbá Ló Dakùn Délẹ̀

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìbàdàn ní ìgbà èwe mi yóò rántí pé, bí àwọn ìyá wa bá pàdé ara wọn lọ́nà ọjà lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó béèrè ọmọ, kí wọ́n tó béèrè ọkọ, ara ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ojú wọ̀n, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kún, tí apá sì kún inú bùbá dẹ́múdẹ́mú, ẹ̀rín ni wọn yóò fi kí onítọ̀hún pé, "Ayé mà ń yẹ ọ́ o, ò ń jẹun kánú!", ṣùgbọ́n bí egungun èjìká bá ń hàn lábẹ́ aṣọ, ohùn wọn yóò wálẹ̀, wọn yóò sún mọ́ ọn, wọn yóò sì béèrè pé, "Kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí o?"

Kì í ṣe ẹnu òmùgọ̀ ni ìkíni yìí ti jáde. Ilẹ̀ tí ìyàn ti mú rí, tí ogun ti lé àgbẹ̀ kúrò nídìí ebè rẹ̀ rí, tí ọmọ sì ti kú mọ́ ìyá lọ́wọ́ nítorí àìjẹun-tó, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì ka ẹran ara sí ọrọ̀, nítorí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; agbádá pàápàá, ẹni tí ó ní ikùn tí yóò gbé e dúró ni ó máa ń yẹ jù lójú àwọn bàbá wa. Nígbà tí àrùn éèdì sì dé, tí àwọn ará Uganda tilẹ̀ fi "Slim", èyíinì ni tẹ́ẹ́rẹ́, sọ ọ́ lórúkọ nítorí bí ó ti ń jẹ ẹran ara tán, rírù di ohun ìfura láàárín wa, débi pé ẹni tí ó kàn dín oúnjẹ rẹ̀ kù kò ní lè rìn kọjá ní àdúgbò láìjẹ́ pé wọ́n ń wojú ara wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹnu kan náà tí ó ń yin ara sísan ni ó ń bú u. Ọmọbìnrin tí ó sanra ní ilé ìwé yóò gbọ́ "orobo" kí agogo ìsinmi tó lù. Bí ó bá dàgbà tí ó sì wọ ọkọ̀ dáńfó ní Èkó, kọ́ńdọ́ lè wò ó lókè-nílẹ̀ kí ó ní kí ó san owó ẹni méjì, gbogbo èrò ọkọ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà kò sọ ohunkóhun. Ó ka owó náà sílẹ̀, ó yí ojú sí fèrèsé, ó sì fi àpò rẹ̀ bo ikùn títí a fi dé Òjóta. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tàbí bóyá ó tilẹ̀ jẹun. Gbogbo wa ti dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn wa: wọ̀bìà ni.

Ẹ̀sùn wọ̀bìà yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ìmọ̀ ìṣègùn ti fi ọgbọ̀n ọdún tú palẹ̀, tí ó sì kù díẹ̀ kí ó má ní ẹsẹ̀ mọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà fúnra wọn kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ fún ẹni tí ó sanra jù: dín oúnjẹ kù, kí o sì máa rìn. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University ní New York fi hàn pé ọ̀rá ara kì í ṣe ẹrù lásán tí ènìyàn ń rù kiri. Ọ̀rá a máa tú oje kan tí a ń pè ní leptin sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà a sì máa lọ ròyìn fún ọpọlọ iye oúnjẹ tí ó wà nínú àká. Bí ènìyàn bá fi ebi pa ara rẹ̀ tí ọ̀rá bá dín kù, ìròyìn tí yóò dé ọpọlọ ni pé àká ń ṣófo. Ọpọlọ yóò sì rán ebi jáde lọ́tùn-ún lósì, yóò dín agbára tí ara ń ná kù, gẹ́gẹ́ bí ìyálé ọlọ́gbọ́n ti ń wọn gàrí nígbà ọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó rù ní oṣù mẹ́ta fi ń sanra padà ní oṣù mẹ́fà. Ara rẹ̀ ni ó ń bá a jà, ara ènìyàn kì í sì í sùn.

Oje mìíràn tún wà, láti inú ìfun ni òun ti ń jáde nígbà tí oúnjẹ bá dé ibẹ̀. GLP-1 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ni oníṣẹ́ tí ń lọ sọ fún ọpọlọ pé "ó tó", tí ń sọ fún ikùn kí ó má tètè tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń mú kí ara pèsè insulin láti fi kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Svetlana Mojsov àti Joel Habener ní Boston, pẹ̀lú Jens Juul Holst ní Copenhagen, wà lára àwọn tí ó tú àṣírí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n kò gbé inú ẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ kí ara tó fọ́ ọ túútúú. Ta ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe oògùn?

Aláǹgbá ni ó la ọ̀nà. Ní aginjù gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti àríwá Mẹ́síkò, aláǹgbá olóró ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Gila monster, ó sanra, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àwọ̀ òféèfèé bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ wéwèé hun aṣọ fún un. Ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni ó ń jẹun ní odidi ọdún, inú ìrù ni ó sì ń tọ́jú ọ̀rá pamọ́ sí. Dókítà John Eng, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Bronx ní New York, rí i nínú oró ẹranko yìí, ní nǹkan bí 1992, oje kan tí ó jọ GLP-1 ti ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kì í tètè fọ́. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni oògùn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ti jáde fún àwọn alátọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ní 2005. Àwọn àgbà wa ti pa á lówe pé gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo sì máa ń ronú pé òwe náà kò tíì rí ibi tí ó bá mu tó èyí rí, nítorí pé láti ara aláǹgbá ni a ti wá mọ̀ pé inú tí ń run ènìyàn kì í hàn sí ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ Novo Nordisk ti ilẹ̀ Denmark, níbi tí obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Lotte Bjerre Knudsen ti ṣe aṣáájú, padà sídìí oje ti ènìyàn fúnra rẹ̀, wọ́n tún un ṣe kí ó lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un, èyí tí ó tẹ̀ lé e, semaglutide, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní December 2017 fún àtọ̀gbẹ pẹ̀lú orúkọ Ozempic, àti ní June 2021 fún ìsanrajù pẹ̀lú orúkọ Wegovy. Nínú àyẹ̀wò kan tí àwọn 1,961 ènìyàn kópa nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, èyíinì ni pé ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 100 di ẹni 85, nígbà tí àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ òfìfo kò pàdánù tó ìdá 3. Ní 2023, àyẹ̀wò mìíràn lára àwọn 17,604 tí wọ́n sanra jù tí ọkàn wọn sì ti ní àrùn fi hàn pé oògùn náà dín ikú àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀ràn ẹwà.

Nígbà tí a bá sì rántí pé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti fi hàn, ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó ní ìsanrajù lágbàáyé ní 2022, a ó mọ̀ pé kò lè jẹ́ pé gbogbo wọn ṣàdédé di wọ̀bìà lójijì. Oúnjẹ ni ó yí padà, iṣẹ́ ni ó yí padà. Bàbá tí ó fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́wàá lọ oko ti bí ọmọ tí ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Èkó, tí ó sì ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti gàálà pa ìyà ìjókòó náà rẹ́.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Peckham ní London. Ó ti sanra láti kékeré. Ó ti gba ààwẹ̀, ó ti mu àgbo, ó ti sáré yí pápá ká títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí ó ń fi ìwúwo ènìyàn wé gíga rẹ̀. 30 ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù fún òyìnbó, ṣùgbọ́n 27.5 ni fún àwa ènìyàn dúdú, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè bá wa. Tirẹ̀ ti kọjá 38 nígbà tí dókítà kọ abẹ́rẹ́ fún un. Mo wà ní ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà tí ó ṣí fíríìjì, tí ó mú ohun kan tí ó rí bí bírò jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò, tí ó yí ìdí rẹ̀ títí ó fi dún kẹ́ẹ́, tí ó ká bùbá sókè, tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, tí ó sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé àrún. Kò ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà a jókòó sídìí iyán. Ó jẹ òkèlè mẹ́fà, ó ṣan ọwọ́.

Mo béèrè bóyá inú ń bí i sí oúnjẹ ni. Ó ní, "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ìyá alákàrà kan ń kiri nínú orí mi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí mo bá ń kàwé, ó ń polówó. Bí mo bá ń gbàdúrà, ó ń polówó. Mo rò pé bí ó ti ń rí fún gbogbo ayé nìyẹn, pé ẹ̀yin kàn lágbára jù mí lọ ni. Ìyá alákàrà ti gba ilé lọ báyìí." Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ogójì ọdún ni ebi fi gbé inú ọmọ ìyá mi, àwa sì ń pè é ní aláìní-ìkóra-ẹni-níjàánu.

Oprah Winfrey, tí gbogbo ayé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, fa kẹ̀kẹ́ tí ó kún fún ọ̀rá ẹran wọ ìta gbangba ní 1988 láti fi ìwọ̀n tí òun rù hàn, ìwọ̀n náà sì padà; ní December 2023 ó jẹ́wọ́ pé òun ń lo oògùn, ó ní ó ti rẹ òun láti máa dójú ti ara òun. Àmọ́ bí ìtìjú àtijọ́ ṣe ń lọ ni tuntun ń wọlé: wọ́n ní ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ gba àbùjá, kò jìyà tó. Èmi kò rí i kí wọ́n bá ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wí pé kò fi ọkàn akin dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti pe ìsanrajù ní àrùn láti 2013. Àìsàn là á wò.

Èyí kò wá sọ abẹ́rẹ́ náà di ohun ìṣeré. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù ní ìdí. Oògùn ìrùra kan, fenfluramine, ba ọkàn àwọn ènìyàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà ní 1997. Tuntun yìí náà a máa mú èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìrígbẹ́-yà wá, ó lè dá òkúta sínú òróòro, aboyún kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, nínú ọdún kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó lọ ni ó ń padà. Owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí: iye tí wọ́n fi lé Wegovy nígbà tí ó jáde ní Amẹ́ríkà lé ní dọ́là 1,300 lóṣù. Níbi tí owó bá sì ti ga, ayédèrú kì í jìnnà. Ní June 2024 Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà lórí fóònù nítorí kí aṣọ ẹbí lè gba òun, ó ń fi ara rẹ̀ tọrọ ewu, ó sì ń gba oògùn lẹ́nu alátọ̀gbẹ.

Nígbà tí àbúrò mi wá sí Ìbàdàn fún ayẹyẹ ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ̀, Màmá Òkè-Àdó, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, rí i láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà. "O rù o! Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ ní ìlú òyìnbó ni?" Gbogbo ènìyàn yí ojú sí i. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, oògùn ni mò ń lò, dókítà ló fún mi." Ariwo agbo dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ìlù bẹ̀rẹ̀ padà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé Màmá kò sí lórí àga wọn mọ́. Mo bá àwọn méjèèjì nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ti bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ó wú sórí itan àbúrò mi, wọ́n sì ń sọ fún un, ní ohùn jẹ́jẹ́, iye ọdún tí ó ti tó tí wọn kò ti lè gun àtẹ̀gùn ilé ara wọn láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta.