Májèlé ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́! Ìkánjú ẹni tó ń ṣe gààrí lè kó bá yín

Ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́ kò ní í jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tútù tàbí èèpo rẹ̀ lájẹjù, kíá ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, bí wọn ò bá sì tètè dú u, ó di òkú ńbẹ̀. Kí ló pa á? Nǹkan náà lè wà nínú gààrí tí gbogbo wa ń mu, bí ẹni tó ṣe é kò bá fara balẹ̀.

Linamarin ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Náítírójìn wà lára ohun tó para pọ̀ di í. Ó wà nínú ewé ẹ̀gẹ́, ó wà nínú èèpo, ó sì wà nínú funfun tí à ń jẹ gan-an, àmọ́ ti ewé àti èèpo ló máa ń pọ̀ jù. Tó bá dá wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò tàbí ẹran bá ti gé ẹ̀gẹ́ jẹ, èròjà mìíràn tó wà lára ẹ̀gẹ́ náà yóò pàdé ẹ̀, yóò tú u ká, sayánáìdì yóò sì jáde. Májèlé gidi nìyẹn. Òun ni ẹ̀gẹ́ fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe gààrí ò lọ yunifásítì kankan kí wọ́n tó mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á bẹ èèpo rẹ̀, wọ́n á rin ín, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi kan, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n sì yan án. Rírin ló ń tú májèlé náà sílẹ̀, omi tó ń ro dànù ń gbé lára ẹ̀ lọ, iná abẹ́ agbada ló sì ń lé èyí tó kù. Ẹni tó bá wá rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tó yan án nírọ̀lẹ́ nítorí owó ọjà, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí. Ìdí kan náà ni kò fi dáa kéèyàn kàn se ẹ̀gẹ́ tó korò lódindi. Ooru iná á pa èròjà tó yẹ kó tú linamarin ká, linamarin fúnra ẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ má pè é ní àròsọ o. Lọ́dún 1981, nígbà ọ̀dá ní orílẹ̀-èdè Mozambique, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn kọṣẹ́ torí ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn ò rójú ṣe dáadáa. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún 2017, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kó bá èèyàn 98 ní Uganda, méjì nínú wọn kú. Nílé wa níbí náà, lọ́dún 1968, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn Ìbàdàn, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ìrìn wọn sì dà bíi ti ẹni tó mutí yó. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ló fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á.

Ọ̀rọ̀ ò tíì le tó kéèyàn sá fún gààrí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ kó kan dáadáa ni kẹ́ ẹ ti máa rà á. Ẹ má sì máa fi omi àti ṣúgà nìkan mu ún lójoojúmọ́. Ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń fún ara lágbára láti sọ ìwọ̀nba sayánáìdì tó bá wọlé di ohun tí à ń tọ̀ dànù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣe é tà, ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ bá fi kún un kò ní kí ọjà yín má tà. Oníbàárà tó bá wà láàyè ló ń padà wá rà.