Bọ̀lẹ́kájà lórí kọ̀ǹpútà: Nígbà wo ni ọkọ̀ tiwa yóò wọ inú eré àwọn ọ̀dọ́?

Kò sí ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Ọ̀ndó tí èèyàn yóò máa ṣàlàyé ọkọ̀ agolo fún. Agolo mílíìkì tàbí ti sàdíìnì ni ara ọkọ̀ náà. Sálúbàtà tó ti já ni wọ́n máa ń gé róbótó fi ṣe táyà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, okùn ni wọ́n sì fi ń fà á kiri àdúgbò. Ọmọ tó ṣe é kò ní í gbà láéláé pé agolo ni òun ń fà. Mọ́tò ni. Ó ti fún un lórúkọ, ó ti mọ ọ̀nà tó ń ná, ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń dún bí ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé ibi òkè, yóò pààrọ̀ jíà.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò pa iṣẹ́ náà tì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló yí padà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé e lọ. Eré ọkọ̀ wíwà kan wà tó ń jẹ́ BeamNG.drive. Iléeṣẹ́ BeamNG tó wà ní ìlú Bremen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe é. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde kí aráyé lè dán an wò. Nígbà tó di ọdún 2015, ó dé orí Steam, ìyẹn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ra eré kọ̀ǹpútà.

Ohun tó mú kí eré yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ inú rẹ̀ ń ṣe bí ọkọ̀ gidi. Bí ó bá kọlu igi, iwájú rẹ̀ yóò rún wọlé. Bí awakọ̀ bá já wọ kọ̀rọ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé, ọkọ̀ yóò dojú dé. Bí táyà kan bá jò, ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀ eré ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ lè gbá ògiri kó sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nínú eléyìí, ọkọ̀ tó bá fọ́ ti fọ́ náà nìyẹn, àfi kí ẹni tó ń ṣeré bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọkọ̀ tí kò sí lójú títì

Ohun mìíràn tó yẹ fún àfiyèsí ni pé kò sí Toyota, Peugeot tàbí Mercedes nínú àwọn ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe sínú eré yìí. Ọkọ̀ àfinúrò ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lo orúkọ àti àwòrán ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan nínú eré tó ń tà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ kí ayé máa wo ọkọ̀ wọn bó ṣe ń fọ́ túútúú. Nítorí náà, àwọn tó ṣe eré yìí dá orúkọ tiwọn sílẹ̀. Gavril àti Bruckell rí bí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ibishu àti Hirochi rí bíi ti Japan, ETK bíi ti Jámánì, Cherrier bíi ti Faransé, nígbà tí Civetta àti Autobello fi ara jọ ti Ítálì. Wọ́n fún àwọn ọkọ̀ náà ní ìtàn, bí ọdún tí wọ́n jáde àti irú ẹni tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Òmíràn ní ẹ̀yà tí ọlọ́pàá ń lò àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe takisí.

Bí àgbàlagbà bá wo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí dáadáa, yóò rí ojú tó mọ̀ láàárín wọn. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Ibishu Pigeon, táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹni tó ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàka ní Àkúrẹ́ kò ní í pè é ní àjèjì. Autobello Piccolina kéré, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bíi ti Volkswagen tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Ìjàpá. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀dà yẹ́lò kun bọ́ọ̀sì Gavril H-Series, tí wọ́n fa ìlà dúdú méjì sí i lára, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dánfó Èkó.

Káàkiri ayé, àwọn tó fẹ́ràn eré yìí kì í yé dá àbá ọkọ̀ tuntun. Àbá tí kò ju pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tó ń sáré lọ kì í lọ jìnnà. Èyí tó máa ń dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú ni èyí tó bá gbé ìtàn ìbí ọkọ̀ náà wá: ọdún wo ni wọ́n ṣe é, orílẹ̀-èdè wo ló ti wá, ibo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ta ló ń rà á, kí ló ń rù, irú àìsàn wo ló sì máa ń ṣe é bó bá dàgbà. Àwọn mìíràn kì í fi mọ sí ẹnu. Wọ́n á lo Blender, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ya ọkọ̀ náà, wọ́n á sì kàn án sínú eré fúnra wọn.

Nínú gbogbo orúkọ iléeṣẹ́ tí a kà sókè yìí, kò sí ọ̀kan tó rí bíi ti Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Àkúrẹ́ àti Ọ̀ndó.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ ṣe é

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti ń fi inú ro ọkọ̀, tí wọ́n sì ń kàn án. Bọ̀lẹ́kájà ni ẹ̀rí. Láti Ìlú Ọba ni ẹ́ńjìnnì àti egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ bíi Bedford àti Austin. Àmọ́ ara ọkọ̀ kì í bá a wá. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara sí i. Òun ló ń mọ bí ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe ga tó, ibi tí pákó ìjókòó yóò gbà, ibi tí ẹrù yóò wọ̀ sí àti ibi tí kọ̀ndọ́ yóò dì mú. Bó bá ti parí, ẹni tó ń fi ọ̀dà kọ̀wé yóò kọ òwe, àdúrà tàbí orúkọ sí iwájú orí rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń kó kòkó jáde láti oko, òun náà ló sì ń gbé èèyàn àti ewúrẹ́ lọ sí ọjà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ìyẹn "bọ́ sílẹ̀ kí á jà", kì í ṣe òyìnbó ló sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mólúè Èkó. Egungun lọ́rì Mercedes 911 ni wọ́n ń lò, àwọn tó ń jó irin níbí ló sì ń fi páànù ṣe ara bọ́ọ̀sì sí i lórí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé láti òkè òkun, àwọn ará Èkó sọ ọ́ ní Márúwá nítorí Buba Marwa, tó jẹ́ gómìnà ológun níbẹ̀ láti ọdún 1996 sí 1999. Iléeṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1975 náà to ọkọ̀ kan tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília. Igala ni orúkọ tó jẹ́ ní Nàìjíríà, etí ọmọ Yorùbá sì gbọ́ ọ bí ìgalà inú igbó.

Ìlú Ọ̀ndó ní tirẹ̀ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ irin. Nígbà ọdún Ògún, alágbẹ̀dẹ, mẹkáníìkì àti awakọ̀ máa ń jáde ṣe àjọyọ̀, màrìwò a sì máa wà lára ọkọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kan ọkọ̀ inú eré yìí kò ṣàjèjì sí káfíńtà rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àmì sí ibi tí igi àti igi yóò ti pàdé, wọ́n á wá fi igi so àwọn ibi náà pọ̀ bí ẹni ń gbé òrùlé dúró. "Beam" tó wà nínú orúkọ eré náà kò ju igi ìdábùú lọ. Wọ́n á sọ bí ibi ìpàdé kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe lè tẹ̀ tó àti ìgbà tí yóò dá. Kọ̀ǹpútà yóò wá ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ nígbà 2000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi ń rún gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tòótọ́ ṣe ń rún.

Ká wá ní ọ̀dọ́ kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ dá àbá ọkọ̀ tiwa. Ó lè sọ iléeṣẹ́ àfinúrò rẹ̀ ní Ọwẹ́nà, nítorí odò tí gbogbo agbègbè náà mọ̀. Ó lè sọ ọkọ̀ náà ní Ìdànrè, nítorí òkè. Lọ́rì ọdún 1958 ni kó jẹ́, iwájú rẹ̀ irin, ẹ̀yìn rẹ̀ pákó. Kí ẹ̀yà kan wà fún àpò kòkó, òmíràn fún èrò ọjà, ẹ̀kẹta fún gẹdú. Kó má gbàgbé àìsàn rẹ̀: bíréèkì tí kò fẹ́ràn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pákó tó ń ké bí ọ̀nà bá ti ní kòtò, àti ẹrù orí tó ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá di àpò kún un dé òkè, tó sì já wọ kọ̀rọ̀ láì rọra, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àpọ̀jù ẹrù ń ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ tipẹ́. Orí kọ̀ǹpútà, pákó nìkan ló ń fọ́. Lójú títì, èèyàn ló ń lọ.

Ǹjẹ́ ó lérè?

Òbí tó bá ń bínú pé ọmọ òun kì í kúrò nídìí kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi. Eré kì í se iṣu sí ìkòkò. Eré yìí kì í ṣe ti fóònù alágbèéká, kọ̀ǹpútà tó lágbára ló ń béèrè, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ni, epo sì lówó lórí. Ọmọ tó ń fi ìwé sílẹ̀ nítorí eré ń ba ti ara rẹ̀ jẹ́.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tó ń fọ́ ọkọ̀ kiri àti èyí tó ń ronú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó dá BeamNG sílẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí Rigs of Rods, eré ọ̀fẹ́ kan tí àwọn tó ń ṣe é ti máa ń kan ọkọ̀ tiwọn. Ohun tí wọ́n fi ṣeré ló di iṣẹ́ wọn. Ní Nàìjíríà níbí, Jelani Aliyu tó dàgbà ní Sókótó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọkọ̀ láti kékeré. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, ó parí ní ọdún 1994, ó sì di òṣìṣẹ́ General Motors. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ ìrísí òde Chevrolet Volt, tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòkọ́ṣe rẹ̀ han ayé ní ọdún 2007. Ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe olórí àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣe Ìjàpá kan tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn, ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ ní ọdún 2014. Ní Èkó, iléeṣẹ́ Maliyo ti ṣe eré kan nípa ọ̀kadà, tó fi hàn pé ojú títì wa náà lè wọ inú eré.

Ọ̀nà kò sì jìn sí ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Ní Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni Yunifásítì Elizade wà, èyí tó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2012. Olóyè Michael Ade-Ojo, tó dá iléeṣẹ́ Elizade tó ń ta ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1971, ló ni ín, ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ àfinúrò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìṣirò àti físíìsì ni ilẹ̀kùn tó wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò sí ní yunifásítì, tí kò sì sí nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bọ̀lẹ́kájà ni àkísà tí à ń wí. Àwọn káfíńtà tó kàn án ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn kò sì kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó lórí pákó rẹ̀ láti Ọ̀ndó lọ sí Àkúrẹ́ nígbà èwe rẹ̀ nìkan ló lè sọ bó ṣe rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ọmọ-ọmọ yín bá ń ya ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn lé e dìde. Ẹ fa àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ iye èèyàn tó ń jókòó lórí pákó kan fún un, àti ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ẹ sọ fún un nípa kọ̀ndọ́ tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ tòun ti igi lọ́wọ́ bí lọ́rì bá dákú lórí òkè, kó lè sáré fi dí táyà ẹ̀yìn. Ó dájú pé igi yẹn kò sí nínú àwòrán rẹ̀.